Wágọ́ọ̀nù Mẹ́tàlélógún àti Ojú Ìwé Kan Tí N Kò Ya

Wàsíù, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo sì kí Ràfíátù tí o fẹ́ mú wọlé. Ara mi le níwọ̀n bí ara àgbàlagbà ṣe lè le. Òjò ti dáwọ́ dúró ní Tchaourou, ọyẹ́ ti ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀, àwọn igi kajú ẹ̀yìn ilé sì ti ń yọ òdòdó. Gbogbo ìròyìn rere tí mo ní nìyẹn. Ìyókù lẹ́tà yìí kò dára, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Mo gbọ́ ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbọ́ ọ. O ní wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ pátápátá ní èbúté Kútọnu, o ní wọn yóò so yìgì yín lẹ́yìn oṣù ààwẹ̀. Lẹ́yìn náà lo wá ní: “Papa, bon, nǹkan mẹ́ta ni mo ń tọrọ. Àkọ́kọ́, àdúrà. Ìkejì, kí ẹ̀yin fúnra yín wá síbi yìgì. Ìkẹta, les wagons, gbogbo wọn, pẹ̀lú cahier yẹn. Ràfíátù ti gbọ́ ìtàn wọn títí, ó ní òun náà fẹ́ rí i bí wọ́n ṣe ń rìn. A ti kan pákó mọ́ ara ògiri sálọ́ọ̀nù ilé wa yípo, donc ibi tí wọ́n á máa gbà ti wà.” O wá rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ báyẹn.

Tó bá jẹ́ àdúrà nìkan lo bèèrè ni, ojú ẹsẹ̀ ni ǹ bá ti dá ọ lóhùn. Ìwé àkọsílẹ̀ tí o bèèrè yẹn ló dá mi dúró. Mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti sọ ọ́ sínú fóònù. Mo tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀, mo gbé e sẹ́nu, mo kí ọ tán, mo sì pa á. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó ti bírò àti bébà bí ará àtijọ́. Ìwọ nìkan ni kí o kọ́kọ́ kà á. Lẹ́yìn tí o bá kà á tán, kí o wá pinnu bóyá Ràfíátù yóò kà á.

Àwọn bàbá mìíràn máa ń gba ọmọ nímọ̀ràn nítorí pé ayé wọn dára. Èmi ò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo bà jẹ́ ni mo fẹ́ fi hàn ọ́.

Ọ̀rọ̀ kìíní, ó kan iṣẹ́ rẹ. O mọ̀ pé ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni mo ti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n o kéré nígbà tó parí, nítorí náà o ò mọ ohun tí mo ń ṣe gan-an. Èmi ni mo máa ń di wágọ́ọ̀nù. Wágọ́ọ̀nù olórùlé ni mò ń wí, èyí tó ní ilẹ̀kùn tí wọ́n ń fà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń kó òwú, àgbàdo àti iṣu sí. Tí wọ́n bá dẹrù sí i tán, èmi ni máa fa ilẹ̀kùn, máa ki wáyà bọ ihò rẹ̀, máa fi òjé sí i lẹ́nu, máa sì fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́ kí àmì ibùdó wa lè yọ lára rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i, àfi ní ibùdó tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà tí ìyá kan láti abúlé Kíka kó iṣu wá. Parakou ni iṣu náà ń lọ. Mo di wágọ́ọ̀nù náà, nọ́ńbà 417 ni, mi ò lè gbàgbé. N kò tíì gbé ẹ̀mú sílẹ̀ tán tí a fi gbọ́ igbe ewúrẹ́ nínú rẹ̀. Ewúrẹ́ ìyá náà ló tẹ̀lé e wá láti ilé, ló bá wọ inú wágọ́ọ̀nù nígbà tí wọ́n ń dẹrù, ló sùn sẹ́yìn iṣu.

Ìyá náà ní: “Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ṣí i. Ewúrẹ́ mi ni. Ó lóyún.”

Mo ní: “Ìyá, wọ́n ti dì í. Ó di Parakou kí wọ́n tó ṣí i.”

Ó ní: “Ìwọ náà lo ṣẹ̀ṣẹ̀ dì í yìí. Ọwọ́ rẹ náà kọ́.”

Òótọ́ ni, ọwọ́ mi ni. Mi ò ṣí i. Ẹ́ńjìnnì bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n wọ́ wágọ́ọ̀nù sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú oòrùn fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kìíní, ewúrẹ́ ké. Lọ́jọ́ kejì, a ò gbọ́ ọ mọ́. Ìyá náà jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀bá ojú irin fún ọjọ́ méjèèjì. Nígbà tí ọ̀gá ibùdó gbọ́, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ lójú gbogbo òṣìṣẹ́, ó ní: “Voilà! Ẹ wo ọkùnrin. Òfin lòfin.” Orí mi wú. Mo ń rìn káàkiri Tchaourou bíi pé èmi ni mo ni ojú irin. Ìyá náà ju okùn ewúrẹ́ rẹ̀ sórí tábìlì mi kó tó máa lọ. Èmi mú okùn náà, mo fi so kọ́kọ́rọ́ mi, ó sì wà lápò mi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìtìjú ò mú mi. Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ nìyẹn.

Kọ̀nténà ni ìwọ náà yóò máa dì ní èbúté. Dì wọ́n dáadáa, iṣẹ́ rẹ ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọ̀gá rẹ bá yìn ọ́ fún ohun tó mú ẹlòmíràn sunkún, kí ẹ̀rù bà ọ́. Ìyìn yẹn ló bà mí jẹ́. Mo gbé e wálé, mo sì fi tọ́ ìyàwó àti ọmọ.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ìbànújẹ́ tí ènìyàn kò jẹ́ kó jáde. Kò sí ẹni tó wá sọ fún wa pé ọkọ̀ ojú irin ò ní rìn mọ́. Ó ń dín kù ni. Ó ń wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó di ẹ̀ẹ̀kan, ó wá di ọjọ́ kan tí a dúró títí tí ohunkóhun ò dé. Koríko hù bo ojú irin. Mo ṣì ń wọ aṣọ iṣẹ́ lọ síbẹ̀ láràárọ̀ fún oṣù mẹ́fà, ìyá rẹ sì ń fọ aṣọ náà láì bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó yẹ kí n sunkún nígbà náà. Mi ò sun ún. Mo wá páálí tí òyìnbó ẹnjiníà kan fi sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀ jáde: ẹ́ńjìnnì kékeré kan, ojú irin wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń so pọ̀, àti wágọ́ọ̀nù olórùlé méjì tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Mo so ẹ́ńjìnnì náà mọ́ bátìrì ọ̀kadà, ló bá rìn. Ọmọdé ni ọ́, o pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ń gé agolo sàdíìnì, mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń fi òjé jó o pọ̀, mo ń ṣe ilẹ̀kùn tó ń fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sí i. Mo máa ń lọ sí Savè, máa lọ sí Parakou, níbi tí àwọn wágọ́ọ̀nù wa ti ń dípẹtà, kí n lè kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀ kí n tó ṣe irú wọn. Mọ́kànlélógún ni mo ṣe. Pẹ̀lú méjì ti òyìnbó, wọ́n di mẹ́tàlélógún. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe ni 417. Mi ò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà.

Ìyá rẹ ló rán àwọn àpò pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tó wà nínú wọn. Aṣọ ìrọ̀rí ló gé, ó fi gààrí kún wọn, ó dì wọ́n lẹ́nu. Òun náà ló fi ọ̀dà èékánná kọ gbogbo nọ́ńbà, nítorí pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò ń fi mí rẹ́rìn-ín pé àgbàlagbà ń fi agolo ṣeré, òun ló ń dá wọn lóhùn: “Ẹ fi í sílẹ̀. Ṣé ẹ bá a nídìí ọtí ni?” Tí àwọn ènìyàn bá gun ọ̀kadà wá láti Bétérou láti wò wọ́n, òun ló ń gbé àga fún wọn, òun ló ń sọ ìtàn wágọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ju èmi lọ.

Nítorí náà, mi ò ní kí o má ṣe kó wọn jọ. Eré tó dára ni. Ó fún mi ní ayọ̀, n kò lè purọ́ pé kò fún mi. Ṣùgbọ́n èmi ò ṣeré. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ni mo tún dá sílẹ̀ nínú yàrá, pẹ̀lú gbogbo òfin rẹ̀. Tí o bá rí i pé o ti ń ṣe òfin fún ohun ìṣeré, gbé e padà sínú páálí kí o lọ jókòó ti ìyàwó rẹ.

Ọ̀rọ̀ kẹta kò gùn. Ìyá rẹ sọ lọ́jọ́ kan pé: “Bàbá Wàsíù, ẹ jẹ́ kí èmi náà wa ọkọ̀ yìí wò.” Mo ní kò mọ àmì ojú irin. Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀, kò sì tún bèèrè mọ́ láéláé. Jẹ́ kí Ràfíátù wà á. Bó bá dojú rẹ̀ dé, ẹ jọ gbé e dìde.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kẹrin. Òun ni mo ń yí po láti òkè.

O mọ bí Sátidé ṣe máa ń rí nílé wa. Lẹ́yìn ìrun Áílà, máa ti ilẹ̀kùn yàrá, máa kó wágọ́ọ̀nù mẹ́tàlélógún jáde ní Kútọnu tí mo fi ẹfun kọ sára ògiri, máa sì wà wọ́n kọjá Bohicon, Dassa, Savè, Kilibo, Tchaourou, títí dé Parakou, pẹ̀lú ìsinmi díẹ̀ ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Wákàtí kan àti díẹ̀ ni. Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́nà ni mò ń kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wa: àkókò, ibùdó, ìṣẹ̀lẹ̀, àti ìdádúró, ìyẹn ohun tó bá dá ọkọ̀ dúró láìròtẹ́lẹ̀. Mo ti sọ fún gbogbo ilé pé tí ọkọ̀ bá ti gbéra, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pè mí títí yóò fi dé Parakou. O rántí ọjọ́ tí ọkọ́ ṣá ọ lẹ́sẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yàrá lo jókòó sí, tí ẹ̀jẹ̀ ń kún bàtà rẹ, tí o ń dúró de ọkọ̀ agolo. O máa ń fi ìtàn yẹn pa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń bá yín rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Mo sọ fún ọ pé oko kajú ni mo wà lọ́jọ́ tí ìyá rẹ ṣubú. Irọ́ ni. Inú yàrá ni mo wà.

Ó ń sá iṣu gbodo sórí ẹní nínú àgbàlá. Ojú ọ̀run ti ṣú. Ọkọ̀ mi ti kúrò ní Savè nígbà tó pè mí. “Bàbá Wàsíù!” Mo gbọ́ ọ ketekete. Mo rò ó pé òjò ló fẹ́ rọ̀, pé ó fẹ́ kí n wá bá òun kó gbodo. Mo ní lọ́kàn mi pé kó dúró ná. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìṣẹ̀lẹ̀, mo sì ń bá ọkọ̀ mi lọ. Nígbà tí mo dé Kilibo, ó tún pè. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ní: “Bàbá Wàsíù, ẹ jọ̀ọ́.” Wàsíù, o mọ ìyá rẹ. Kì í bẹ ènìyàn nítorí gbodo. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ọwọ́ mi kúrò lórí ẹ́ńjìnnì, mo sì gbé e padà síbẹ̀, nítorí pé ibùdó méjì péré ló kù. Ìgbà kẹta, kì í ṣe orúkọ mi ló pè mọ́, ariwo kan lásán ni. Òjò dé. Mi ò gbọ́ ìró pé ó ń kó gbodo kankan.

Ọkọ̀ wọ Parakou. Mo ń kọ ìlà ìkẹyìn lọ́wọ́ nígbà tí Tata Múníbá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fi igbe ta. Mo jáde pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Ìyá rẹ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, gbogbo gbodo ti rẹ sómi. Dókítà bi mí pé aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo ń kọ àkókò sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, mo ní n kò mọ̀, mo ní oko ni mo wà. Ó ní ká ní a tètè gbé e dé ni. Kò parí ọ̀rọ̀ náà.

O bá a láyé fún ọjọ́ díẹ̀, ìwọ náà rí i pé kò lè sọ̀rọ̀. Ohun tí o kò rí ni bó ṣe ń wò mí nígbà tó bá ku àwa méjèèjì. Kò bínú. Ó ń wò mí bí ẹni tó pe ènìyàn, tó sì ṣì ń retí kí ó dá òun lóhùn. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi wò mí bẹ́ẹ̀ kó tó kú.

Ìmọ̀ràn tó wà nínú rẹ̀ ò ju pé tí Ràfíátù bá pè ọ́, kí o dìde. Jẹ́ kí ọkọ̀ já bọ́ láti orí pákó. Jẹ́ kó fọ́.

Ọ̀rọ̀ karùn-ún ni ti irọ́. Tata Múníbá mọ̀, nítorí ó rí mi bí mo ṣe ń jáde láti inú yàrá. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó bá mi lábẹ́ igi kajú, ó ní: “Bàbá Wàsíù, kò ní í gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mais ẹ̀yin, ẹ sọ ọ́ fún ọmọ yẹn.” Mo ní máa sọ ọ́. Ọdún mẹ́rin nìyẹn. Lẹ́bàá sàréè, o dì mọ́ mi, o ní: “Papa, ẹ má da ara yín lẹ́bi, oko lẹ wà.” Mo jẹ́ kí o dì mọ́ mi. Mo gba ìtùnú tí kò tọ́ sí mi lọ́wọ́ ọmọ tí mo sọ di aláìníyàá. Láti ìgbà náà, nígbàkúùgbà tí o bá pè mí pé ṣé mo ti jẹun, ó ń ṣe mí bíi pé mo jí oúnjẹ náà ni. Má purọ́ fún ìyàwó rẹ láti gba ìfẹ́ rẹ̀. Wàá rí i gbà, kò sì ní dùn lẹ́nu rẹ.

Nígbà tí o wá bèèrè ìwé àkọsílẹ̀, mo mú abẹ láti gé ojú ìwé Sátidé náà. Kò sí bí o ṣe fẹ́ mọ̀. Mo gbé abẹ lé e. Mo wá ka ohun tó wà níbẹ̀: “Lẹ́yìn Savè: ìpè láti ìta. N kò dáhùn. Ọkọ̀ ń lọ. Kilibo: ìpè kejì, ẹ jọ̀ọ́. N kò dáhùn. Ọkọ̀ ń lọ.” Mo gbé abẹ sílẹ̀. Má rò pé ìgboyà ni. Ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn. Ìwọ ò gbọ́ ọ, Tata Múníbá ò gbọ́ ọ, kò sí nínú fóònù ẹnikẹ́ni. Èmi nìkan ló gbọ́ ọ, ibẹ̀ nìkan ló sì wà. Bí mo bá gé e, mo ti tún pa á lẹ́nu mọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Páálí náà yóò bá bọ́ọ̀sì wá ní Jímọ́ọ̀. Gbogbo wágọ́ọ̀nù wà níbẹ̀ pẹ̀lú àpò gààrí wọn, 417 ló wà lókè. Okùn nìkan ni mo fi dì í, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè tú u. N kò ní ọkọ̀ láti wà mọ́, n kò sì ní wọ yàrá yẹn mọ́.

Ní ti yìgì, mi ò ní wá láìjẹ́ pé o tún pè mí lẹ́yìn tí o bá ti ka èyí. Bí o kò bá pè, n kò ní bínú, n kò sì ní ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni láti bá mi bẹ̀ ọ́. Mo ti ṣàdúrà fún yín tẹ́lẹ̀. N kò mọ̀ bóyá irú àdúrà tèmi ń gòkè, ṣùgbọ́n mo ti ṣe é.

Nígbà tí o bá ṣí ìwé náà dé ibẹ̀, wo ìlà tó kẹ́yìn dáadáa. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n nígbà tí mo kọ ọ́, wàá rí i bó ṣe tọ́. Níbi tí wọ́n ń kọ “Parakou” sí, mo kọ ọ́. Níbi tí wọ́n ń kọ ìdádúró sí, mo kọ ọ́ pé: “Kò sí.”

Èmi bàbá rẹ, tó wà nílé lọ́jọ́ náà.